Òdòdó Tó Ń Fi Imú Ṣeré

Lóṣù Kẹta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òtútù ṣì ń mú tí igi ò sì tíì rúwé, imú ní í ṣáájú ojú rí òdòdó fáyólẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó máa rìn lọ lẹ́bàá igbó, nǹkan kan á ta sánsán. Ẹ dúró kí ẹ tún fà á símú, kò sí mọ́. Ẹ má bínú sí atẹ́gùn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ionone wà nínú òórùn náà, òun ló ń pa imú kú fúngbà díẹ̀. Òdòdó ò dákẹ́, imú ni ò gbọ́ mọ́. Tó bá yá, imú á tún jí. Lọ́dún 1893, Tiemann àti Krüger, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, rí ionone ṣe fúnra wọn, làwọn alóòórùn-dídùn bá bọ́ lọ́wọ́ òdòdó jíjá.

Àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí fáyólẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ewé rẹ̀ dà bíi ti ọ̀dùnkún, òdòdó rẹ̀ elésè àlùkò sì tẹ orí ba. Àpò tín-ín-rín kan yọ sẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni omi adùn tí oyin ń wá wà.

Òdòdó yìí làwọn èèyàn Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé, fi ń dá ara wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Elba lọ́dún 1814, torí ìgbà tó ń yọ ni wọ́n ní yóò padà. Lóòótọ́, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 1815 ló wọ Paris.

Èmi ò bá wọn du òdòdó oṣù Kẹta yẹn. Ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wù mí jù, èyí tẹ́nì kan kì í yìn. Lóṣù Kẹta, oyin ò pọ̀ níta, òdòdó ẹlẹ́wà yẹn kì í sì í sábà so. Bó bá wá di ẹ̀ẹ̀rùn, fáyólẹ́ẹ̀tì á yọ òmíràn sábẹ́ ewé, èyí tí kò lóòórùn, tí kì í là rárá. Inú ara rẹ̀ ló ti ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, òun ló sì ń so jù. Kóró rẹ̀ ní ọ̀rá funfun bíńtín lẹ́nu. Eèrà á wọ́ ọ lọ sílé, á jẹ ọ̀rá, á ju kóró nù, kóró á hù.

Aládùúgbò mi, tí kì í yé da oògùn eèrà sẹ́sẹ̀ ògiri, bi mí pé ta ló gbin fáyólẹ́ẹ̀tì sáàárín òkúta ẹnu ọ̀nà òun. Mo ní àwọn tó ń wá bó ṣe máa pa ni.