Obìnrin Ara Òpó àti Ọmọdébìnrin Oníjó

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọnà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò ní ṣàìmọ orúkọ Agbọnbíọ̀fẹ́ Adéṣínà, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè, tí ó sì papòdà ní 1945. Ère ìyá ọlọ́mọ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ agbẹ́gilére kò parun; ti obìnrin náà ńkọ́? Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ kì í sábà wo ojú ẹnì kan gbẹ́ òpó. Ipò ìyá ni wọ́n ń gbẹ́, kì í ṣe Àdùkẹ́ tàbí Àbẹ̀ní. Èyí kì í ṣe àbùkù, àṣà ni.

Ní Paris, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Edgar Degas fi ìda mọ ère ọmọdébìnrin oníjó, ọmọ ọdún 14, ó sì gbé e síta fún aráyé wò ní 1881. Marie van Goethem ni ọmọ náà ń jẹ́. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Àwọn kan fi ojú ère náà wé ti ọ̀bọ, bí ẹni pé ọmọ náà kò létí tí yóò fi gbọ́. Ní 1882, wọ́n lé e kúrò ní ilé ijó Opéra. Lẹ́yìn èyí, ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ lórí rẹ̀.

Inú àlàfo yìí ni Lynn Ahrens, akọ̀rọ̀-orin, àti Stephen Flaherty, akọrin-sílẹ̀, ti fa eré olórin wọn yọ. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Washington ní 2014. Ní 2019 wọ́n gbé e dé Seattle, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Marie, Dancing Still. Nínú eré náà, Marie ti dàgbà, ó padà wá sí ilé Degas láti wá ère ara rẹ̀. Àròsọ ni, síbẹ̀ ibẹ̀ ni eré náà ti dùn jù: ẹni tí aráyé ń wò ni ó wá di ẹni tí ń wò.

Nílé níhìn-ín, Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ni ó sún mọ́ Marie jù. Ní 2018, wọ́n ta Tutu ti 1974 ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ariwo owó gba ìgboro kan. Ta ni ó bèèrè ohun tí ọmọbìnrin náà ń rò bí wọ́n ti ń yà á?

Orí ìtàgé ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Èkìtì kò sì ní láti yá ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: alámọ̀ ń bẹ, ohùn àwọn obìnrin ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ ní Ẹ̀fọ̀n, Àràmọ̀kọ tàbí Ìjerò, kí ó fi alámọ̀ sí ìyá ara òpó lẹ́nu, kí ìyá náà kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ tí ó gbé.