Òkúta Mẹ́ta

Ní Èkó, tòkunbọ̀ là bá pe ọkọ̀ ojú omi wa. Ní Whitstable, létíkun Kent nílùú Ọba, àlòkù lásán ni: Wayfarer onígbòkun, gígùn rẹ̀ ò tó mítà 5.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, pákó àárín rẹ̀ kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Pákó yẹn ló máa ń di omi mú kí atẹ́gùn má baà ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A dojú kọ òkun, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ là ń fì lọ, títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu àwọn igi tí wọ́n rì mọ́ etíkun. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà láàárín wa nínú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó ní òun ò wọkọ̀ mọ́ láé.

Kóòdù làwa tọkọtaya jọ ń kọ jẹun. Ẹ mọ̀ wá: ká tó wá àṣìṣe, a ti wá ẹni tó ṣe é. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, "ìwọ lo so okùn yẹn", "ìwọ lo ní ká rà á".

Ní Sátidé, a dá ọkọ̀ dùbúlẹ̀ lórí táyà àtijọ́, a tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí pákó ń gbà. Òkúta wẹẹrẹ mẹ́ta ló há síbẹ̀. Irú wọn ló kún etíkun yẹn. Àwa méjèèjì la sì jọ wọ́ ọkọ̀ lórí wọn. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la fi tì wọ́n jáde, a ò lo òòlù, kí pákó má baà là.

A bẹ ara wa. Nígbà tí pákó sọ̀, ọmọ wa bi wá láti ọ̀ọ́kán pé, "Ṣé ẹ ti parí ìjà?"

A ní ó ti parí. Ó lọ mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá.