OLÙKỌ́ NÍ ÌDÁLẸ̀: TA NI YÓÒ BÁ A SỌ̀RỌ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní òkè òkun. Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún un, ẹ ó bèèrè ìwé ìgbélùú, owó oṣù àti ìlera. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà rántí bẹ Ọlọ́run fún, èyí ni ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tí ó dàgbà ní àdúgbò wa, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kò kọ́ bí a ti ń wá ọ̀rẹ́, nítorí kò sí ìdí tí yóò fi kọ́ ọ. Bí o bá jáde láàárọ̀ láti ra ẹ̀kọ, o ó ti kí ogún ènìyàn kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ. Bí o kò bá sì jáde títí di ọ̀sán, ìyá kan yóò kanlẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ara rẹ kò yá. Àjèjì pàápàá kì í dá wà láàárín wa. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́.

Ní 2009 mo lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún méjì. Bí kíláàsì bá ti parí ní agogo mẹ́rin, oníkálukú a gbé àpò rẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú ní agogo mẹ́rin náà. Peckham ni mo ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, gàrí àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane, tí a sì ń gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn mi. Àwọn ará wa tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò kórìíra mi o. Ẹlòmíràn nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, ó tún ń ṣe ti òru. Ọjọ́ Ìsinmi ni a ń ríra.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Owó ṣọ́wọ́n fún un, ó sì ń kọ́ni ní Yorùbá kí ó lè rí owó ná. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé rárá. Ní 1925 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó padà wá, ó rin agbègbè wa ká láti 1929 dé 1932, ó ń tọrọ owó ilé. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé náà ní Camden, níbi tí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast àti ọmọ Sàró ti lè sùn, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ilé, kí wọ́n sì jiyàn di òru. Olú, aya rẹ̀, ni ó ń bójú tó o.

Lónìí ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ó ń ṣe iṣẹ́ ilé yẹn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi yóò forí jì mí: ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó. Mo mọ àwọn tí ó ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Bí àìsàn bá dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣọ́ọ̀ṣì jìnnà. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nígbà tí ó dé Kọ́ríńtì, iṣẹ́ àgọ́ pípa ni ó so òun pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà pọ̀. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18.

Òyìnbó kò ní “ẹ kú ìjókòó.” Ọ̀rọ̀ òjò àti òtútù ni wọ́n fi ń kíni. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ ní ẹnu ọ̀nà pé òjò yìí mà pọ̀, kì í ṣe òjò ni ó ń sọ. Ó ń kí ọ ni, dá a lóhùn. Bí ó bá sì ní kí o wá mu tíì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kò lé ọ. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, yóò sì máa retí rẹ.

Bàbá òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa háyà ilẹ̀ kékeré lọ́wọ́ káńsù, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀, ó ń gbin ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà. Orúnkún ń dà á láàmú. Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa bá a ro ó. Ó wò mí bí ẹni pé owó ni mo fẹ́ yá. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ó gbé ṣọ́bìrì fún mi.

Oko yẹn ni mo ti rí ènìyàn. Ìyá Jàmáíkà kan ní ilẹ̀ kejì gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa gan-an, callaloo ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin ará Tọ́kì kan a máa gbé tíì wá. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ìyá náà ni ó gbé ọbẹ̀ wá. Ó ní òun kò rí mi lóko.

Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò pè mí ní Pásítọ̀. Orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè, títí kan ọmọdé. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bákan. Èmi ní tèmi kò lè la ẹnu pe bàbá náà, tí ó tó bàbá mi í bí, ní orúkọ. “Sà” ni mo ń pè é. Ó ní kí n yé, mo ní ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí yóò fi di 2011 tí mò ń palẹ̀ mọ́, òun náà ti ń pè mí ní “Sà.”