Ìwé Akápò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa dá àjọ ní ọjà Gbọ̀ngán. Ní ìrọ̀lẹ́, alájọ yóò dé, yóò gba owó, yóò fa ìlà sínú káàdì ìyá mi, yóò sì fa irú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọkùnrin náà kúrò níwájú ìsọ̀ kí òun tó ka ìlà náà lójú rẹ̀. Alájọ kò bínú rí. N kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá mi pè é lólè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó pẹ́ kí n tó rí ọgbọ́n tí ó wà nínú ìlà wọ̀nyẹn. Ní ọdún 2009, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yàn mí ní akápò ẹ̀ka kékeré ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ẹgbẹ́. Owó-ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Òkè ni ó ń lọ tààrà. Èyí tí ó wà níkàáwọ́ mi ni owó tí a ń dá láàrin ara wa fún ìsìnkú, ìkómọjáde, ìfẹ̀yìntì, àti owó ọkọ̀ àwọn aṣojú tí a ń rán lọ sí ìpàdé ní Òṣogbo. Inú àpò ìwé kan ni mo ń kó o sí. Nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní oríta, tí n kò sì ní owó lọ́wọ́, n ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀, n ó sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo ń dá padà.

Ní ìpàdé ìparí ọdún kejì, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan dìde. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rí àkọsílẹ̀ owó wa?” Gbogbo ilé dákẹ́. Inú bí mi. Mo bi í bóyá olè ni ó ń pè mí, èmi tí mo ti ń kọ́ni kí òun tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn àgbà bá mi bá a wí. Ó tọrọ àforíjì, ó jókòó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo da owó sórí tábìlì, mo kà á, mo sì fi wé orúkọ àwọn tí ó san. Ó dín ní ₦13,500. Mo mọ̀ pé n kò jalè. Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi han ẹlòmíràn? Kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé. Láàrin akápò tí ó gbàgbé àti akápò tí ó jí, ìwé nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Mo rántí òwe tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì: a ń pè ọ́ lólè, o ń gbé ọmọ ẹran jó.

Ó yẹ kí èdè tí mo ń kọ́ni ti kọ́ èmi náà lọ́gbọ́n. Nínú ẹsẹ Ifá, akápò ni ẹni tí ń bá Ọ̀rúnmìlà gbé àpò. Òun kọ́ ni ó ni àpò. Jíhìn, ẹ̀wẹ̀, jẹ́ ìhìn ni: ẹni tí a rán níṣẹ́ padà wá sọ ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Ẹni tí ó ní kí a wá jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán wa, èébú wo ni ó bú wa?

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ₦13,500 lọ. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Adébíyìí láti tú ìṣe àti owó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà wò. Ní ọdún 1977, ìjọba fi òfin lé aṣáájú 11 kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ títí ayé. Michael Imoudu, ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945, wà lára wọn. Ní ọdún 1978, wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ tí ó lé ní 1,000 pọ̀ di 42 lábẹ́ NLC, tí Hassan Sunmonu kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀. N kò sọ pé olè ni àwọn tí a lé. Ìjọba ológun fẹ́ kápá òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kò bá bèèrè ìṣirò, ìjọba ni yóò bá a bèèrè, ìjọba kì í sì í bèèrè lásán.

Òfin kò gbàgbé wa. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1973 ní kí gbogbo ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fi ìṣirò owó tí a ti yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, kí ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù tó pé. Ó sì ní kí ìlànà ẹgbẹ́ fàyè gba ẹni tí ó ní ìpín nínú owó náà láti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àtúnṣe ọdún 2005 sọ jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn lè fi sílẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó gbé e ró. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba lè má dé Gbọ̀ngán láéláé, bí àwa tí a wà ní Gbọ̀ngán kò bá bèèrè rẹ̀.

Mo san owó náà láti àpò ara mi. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà lójú gbogbo wọn, a sì fi í ṣe ẹni tí yóò máa yẹ ìwé wò. Láti ìgbà náà ni a ti ń lẹ ìṣirò mọ́ ògiri yàrá olùkọ́ lóṣooṣù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gba ìlàjì owó oṣù láàrin ọdún 2015 àti 2018, owó kékeré yẹn ni a fi ran àwọn kan lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé ta ni ó jẹ ẹ́, nítorí pé ìdáhùn wà lára ògiri.

Ẹ bèèrè, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jókòó kí a tó dá yín lóhùn.