Ilé Ló Ń Lọ

Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn bàbá wa pinnu pé a ó kó kúrò ní ibùgbé àtijọ́. Àjọwá ní Àkókó tí ẹ ń wò yìí, orúkọ rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀: a jọ wá ni. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn ìlú kéékèèké bíi Uro, Ojo, Daja àti Efifa wá tẹ̀dó síbì kan náà, kí ilé ìwé àti ọ̀nà mọ́tò lè kàn wọ́n. Èdè wa ò dọ́gba. Yorùbá ni ẹni tó ti Uro wá àti ẹni tó ti Daja wá fi ń bára wọn nájà. Inú àwa ọmọdé dùn. Kí la mọ̀? Ilẹ̀ tó tẹ́jú la rí, àti ọmọ tuntun tí a ó máa bá ṣeré.

Inú Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò dùn ní tirẹ̀. Ó bá wọn wá ni, nítorí ẹnì kan kì í dá gbé ahoro. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má mú ọ̀pá rẹ̀, kó gba ọ̀nà ahoro lọ. Ó ní obì lòun ń lọ ṣà. Obì wo ló wà nílẹ̀ nígbà tí igi kò so? Kò sẹ́ni tó bi í. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, a máa jẹun dáadáa, a sì máa bá wa ṣàwàdà. Bí òjò bá dí i lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sún mọ́ ọn.

Ọdún tí a kó wá yẹn náà ni bàbá mi mú ahun kan bọ̀ láti oko tó wà lẹ́bàá ahoro. Èmi ló fún. Wọ́n fi irin gbígbóná lu etí ìkarahun rẹ̀, a ti okùn bọ ihò náà, a sì so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ ó ní ìkà ni wá. Rárá o. Mo fẹ́ràn ahun yẹn ju àwọn àbúrò mi lọ. Olú tí mo bá rí, tirẹ̀ ni. Ìbẹ́pẹ tó rọ̀, tirẹ̀ ni. Àlejò tó bá wọlé wa kò ní jókòó kí n tó fà á lọ́wọ́ pé kó wá wo ahun mi.

Ohun tí n kò fiyè sí ni pé apá kan ṣoṣo ló máa ń rìn sí. Màá yí i padà, màá kọ ojú rẹ̀ sí ilé, á rọra yí ara rẹ̀, á tún fa okùn náà títí yóò fi le gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ di kòtò tín-ín-rín. Ìyá àgbà ló dúró tì mí lọ́jọ́ kan, tó fi ọ̀pá nà sí ibi tí kòtò náà kọjú sí.

"Ilé ló ń lọ," ló wí. Ọ̀nà ahoro ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá okùn nìkan. Mo sunkún. Mo fẹ̀sùn kan ọmọ aládùúgbò wa, a jà, ó sì bù mí jẹ léjìká. Ìyá àgbà ní eku ló jẹ okùn náà já. Mo gbà. Ó tó ogún ọdún kí n tó rántí pé ẹnu okùn náà mọ́ róró, tí eyín eku kì í sì í gé okùn báyẹn.

Mo ti di tíṣà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Ní 1979 ni ìwé dé pé kí n máa lọ sí Ìlàjẹ. Láti Àjọwá, a gba Ìkárẹ́, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Oǹdó, Oré, Òkìtìpupa, a dé Igbókọ̀dá, ilẹ̀ wá tán, ó ku omi. N kò rí òkun rí. Mo ti ní in lọ́kàn pé yanrìn funfun ni màá bá létí rẹ̀, àṣé ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ dúdú tó lè gbé ènìyàn mì dé itan. Ibi tí mo wà kò jìnnà sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì tẹ̀dó ní 1947, tí òkun ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí.

Apẹja àgbàlagbà kan ló gbà mí sílé. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó pè mí pé kí n wá wo ohun tí àwọ̀n gbé. Àjàpá òkun ni, ọmọdé ni, kò ju àtẹ ẹlẹ́pà lọ. A ti pa àlọ́ Ìjàpá ọkọ Yánníbo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ti òkè wa dà bí òpó, ti èyí dà bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀. Mo fọwọ́ kan imú rẹ̀, mo ń retí kó fa orí sínú, orí náà kò wọlé. Kò ní ibi tó lè fà á sí. Omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ó ń sunkún." Bàbá ní iyọ̀ ni. Ìwé tí mo kà lẹ́yìn náà gbè é lẹ́sẹ̀: ojú ni ẹranko náà ti ń tú iyọ̀ òkun tó bá pọ̀ jù lára rẹ̀ dà.

Ni mo bá sọ èrò ọkàn mi jáde. Mo fẹ́ gbé e sínú báàsì, kí n gbé e lọ sílé nígbà ìsinmi, káwọn ọmọ Àkókó lè rí i.

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "òkun wo lẹ ní lọ́hùn-ún?"

Mo ní màá máa bu iyọ̀ sómi fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rí i pé àjàpá náà ti ń wọ́ ara rẹ̀ lórí pákó, tó kọjú sí omi. Mo yí i padà sí ilé bí mo ṣe ń ṣe nígbà èwe. Ó rọra tún ara rẹ̀ yí.

Kí n má purọ́, Bàbá kì í ṣe aláàánú àjàpá. Ó ti jẹ ẹ́ rí, ó sì ní ó dùn. Àwọ̀n rẹ̀ sì ti ya. Mo san owó díẹ̀ nínú owó oṣù mi kó tó gbà láti tu ọkọ̀ kọjá ẹrẹ̀, kó dá a padà. Ìgbì kan ṣoṣo, a ò rí i mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa wọn. Inú omi ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ bíi tiwa ni wọ́n ń mí. Bí àwọ̀n bá dè wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ pẹ́, omi òkun tí í ṣe ilé wọn náà ni yóò pa wọ́n. Wọn kì í yé sínú ẹrẹ̀, yanrìn ni wọ́n ń wá lọ, lọ́hùn-ún lápá Lẹ́kí àti Àgbádárìgì, títí dé Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀. Òru ni abo ń gòkè. Yóò gbẹ́ ihò, yóò yé ẹyin tó tó ọgọ́rùn-ún, yóò bò ó, yóò padà sómi. Bí yanrìn bá gbóná, abo ni púpọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́. Bó bá tutù, akọ ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ tó jẹ́ abo yóò lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò sì padà wá yé sí agbègbè tí wọ́n ti bí òun gan-an. Àwọn àgbà wa ní Ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Wọn kò tíì rí ti òkun ni.

Láti 1985 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí àwọn ẹranko tí ìran wọn fẹ́ parun. Òfin kì í tu ọkọ̀ kọjá ẹrẹ̀. Ọmọ mi obìnrin fi iṣẹ́ ọkùnrin kan ní Èkó hàn mí lórí fóònù, Chinedu Mogbo, tó dá ẹgbẹ́ Greenfingers sílẹ̀. Ó máa ń fún àwọn apẹja ní ohun tí wọ́n lè fi tún àwọ̀n ṣe, kí wọ́n lè yọ̀ǹda àjàpá tí wọ́n bá mú, kó lè dá a padà sí òkun. Mo ní kó tún un gbé wá kí n wò ó. Owó àwọ̀n! Inú mi dùn ju bó ṣe yé e lọ.

Nígbà ọlidé tó kọjá, ọmọkùnrin tí ọmọ mi obìnrin yìí bí wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ó rí ọdẹ kan létí títì tó ń ta ahun, ó sunkún títí ìyá rẹ̀ fi rà á. Wọ́n ti lu ihò sí etí ìkarahun ahun náà kó tó dé ilé. Ọmọ náà so ó mọ́ òpó fàráńdà, ó bu omi fún un, ó gé ìbẹ́pẹ fún un, ó sì jókòó tì í títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹkún wọ yàrá mi, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ta ló gé e?"

Mo gba okùn náà, mo gbé awò mi sójú, mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò dáadáa.

"Eku ni," ni mo wí.