Odó Ní Èèwọ̀, Bẹ́ẹ̀dì Kò Ní

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ìka ka èèwọ̀ díẹ̀. Ọmọdé kì í jókòó sórí odó. A kì í súfèé lálẹ́, kí ejò má baà wọlé. A kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí àrá má baà sán pa wá. A kì í dá ẹsẹ̀ kọjá lórí ọmọ tó sùn, kí ọmọ má baà di aràrá. Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn rí, a jẹ́ pé etí onítọ̀hún di ni.

Ní kíláàsì àṣà, wọ́n kọ́ wa pé ọgbọ́n ló wà nídìí wọn. Inú odó la ti ń gún ohun tí à ń jẹ, ìdí tó ti wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò yẹ ibẹ̀. Àwọn àgbà kò kàn dúró ṣàlàyé ni. Wọ́n fi ẹ̀rù ṣe ọgbà yí ọmọ ká, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó o, èwo ni èèwọ̀ bẹ́ẹ̀dì? Mo wá a títí, n kò rí i. Èrò tèmi ni pé orí ẹní ni àwọn baba ńlá wa ń sùn. Wọ́n á tẹ́ ẹní fàfà sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á ká a nílẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ tó bá ń fò lórí ẹní, ilẹ̀ náà ló ń padà sí, kò síbi tó fẹ́ já bọ́ sí. Ìgbà tó yá ni bẹ́ẹ̀dì onírin dé, tí fóòmù sì tẹ̀lé e. Láti àwọn ọdún 1960 ni Vitafoam ti ń ṣe fóòmù nílẹ̀ wa níbí. Bí a ṣe gbé ibùsùn kúrò nílẹ̀ nìyẹn, tí a fi ohun tó ń ta ọmọ sókè tẹ́ ẹ, tí a sì da sìmẹ́ńtì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣe èèwọ̀ odó ti lọ kí wọ́n tó rí fóòmù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igbe àti pàṣán ló kù fún àwọn ìyá wa.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú mọ bí ilé ìyá àgbà ṣe ń rí nígbà Iléyá. Gbogbo Èkó á tú wálé. Ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n á máa lọ aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta ọdún. Àwọn ìyàwó ilé á wà lẹ́yìnkùlé nídìí ẹran àti ìkọ́kọrẹ́. Ta ló máa wá ṣọ́ àwọn ọmọ? Èmi ni o, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan! Ọmọ mẹ́sàn-án, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà ga, irin ni, fáànù àjà ń yí lókè rẹ̀, fèrèsé onígíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé Ìyá Àgbà kórìíra eré. Ní ọdún tó ṣáájú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún márùn-ún, já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì yìí kan náà, apá rẹ̀ òsì sì kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé apá kọ́rùn. Láti ìgbà náà, bí bẹ́ẹ̀dì bá ti dún kíì báyìí, àyà Màmá á já.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, ó ní: "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọmọ tó bá ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ kì í padà dé láti ìrìn àjò?"

Ilé pa lọ́lọ́. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ tuntun ti délẹ̀, ó sì jẹ́ lójú ẹsẹ̀!

Àmọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà láàárín wọn tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí wọn ò fún un láàyè wálé ọdún. Òun ló fò jù. Ọmọ náà ò fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí àwọn yòókù ti sùn, ó fà mí láṣọ. "Àǹtí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fò?" Mo ní n ò kà á. Ó tún ní, "Bí n bá sọ pé n ò fò mọ́ láéláé, ṣé mọ́mì mi á wá?"

Mo gbé fóònù, mo pe ìyá rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ló tó sùn.

Mo wá lọ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, mo ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ kí n sọ? Kí n sọ pé eegun ń kán? Ṣé ọmọdé mọ eegun ni?" Mo ní, "Màmá, ọ̀kan nínú wọn mọ̀ ọ́n." Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn fúnra wọn ló pe ọmọ tó kán lápá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó fi apá náà han àwọn tó kù, kó sì sọ bó ṣe dùn ún tó. Wọ́n pe ọmọbìnrin yẹn náà, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀. Àwa náà la kúkú ń pa á lówe pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

N kò bá èèwọ̀ jà o. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá tó sì ń pa èèwọ̀ rẹ́, kí ló wá kù tó ń kọ́? Ṣùgbọ́n èèwọ̀ àtijọ́, ejò àti àrá ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ, gbogbo àdúgbò ló sì jọ mọ̀ ọ́n, kò sọ́mọ tó rò pé òun nìkan ni wọ́n ń bá wí. Èyí tí a bá fi ìbínú dá sílẹ̀ lójijì, àfàìmọ̀ kó má lọ bọ́ sórí egbò tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀.

Àlàyé náà kò sì le. Orí ọmọdé wúwo ju bí ara rẹ̀ ṣe tó lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ bó bá já bọ́. Bí ọmọ méjì bá jọ ń fò, bí ẹni tó wúwo bá ṣe ń balẹ̀ ni yóò máa ta èyí tó kéré dànù. Àwọn òyìnbó pàápàá rí i lórí trampoline, aṣọ líle tí wọ́n fi sípíríǹgì nà kí èèyàn lè máa fò lórí rẹ̀, tí George Nissen ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1930. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ lọ́dún 1999, wọ́n tún kìlọ̀ lọ́dún 2012, pé kí àwọn òbí má gbé e sílé. Bẹ́ẹ̀, eré ìdárayá kan náà yìí ni wọ́n fi gba góòlù nínú Òlíńpíìkì Sydney lọ́dún 2000! Fífò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí a ti ń fò ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, a wọ́ fóòmù àlòkù kan bọ́ sílẹ̀, a gbé e jìnnà sí ògiri, a ní kí wọ́n máa fò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí ẹ ń pè ní akéwì yìí sì ṣe orin kékeré fún wọn:

Bẹ́ẹ̀dì ga, oorun ló wà fún,
Ilẹ̀ tẹ́jú, eré ló wà fún.
Ẹsẹ̀ tó fẹ́ fò, sọ̀ kalẹ̀ wá,
Ẹni orí ẹní kì í já bọ́.

Ṣé wọ́n ṣíwọ́ pátápátá? Rárá o, ọmọ ni wọ́n. Àmọ́ bí ọ̀kan bá ti gun bẹ́ẹ̀dì báyìí, àwọn tó kù á bú sí orin, onítọ̀hún á sì rẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àgbà náà ti mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé lọ́dún, ẹ̀yin náà ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ọmọ. Kẹ́ ẹ tó dẹ́rù ba ọmọ kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà.