Ṣé Epo Tún Ti Wọ́n Ni?

Ní ìdájí Sátidé kan tí a ń gba Ìdúmàgbò kọjá, ìyá alákàrà kan gbójú kúrò nínú agbada rẹ̀, ó wò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé epo tún ti wọ́n ni?"

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Èyí tí ẹnu rẹ̀ yá jù nínú wa ló dá a lóhùn: "Rárá o, ìyá wa, eré ìdárayá là ń ṣe." Ìyá náà ní a kú ìrìn, ó yí àkàrà rẹ̀ padà, àwa náà bá tiwa lọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Oníkàn. Èmi bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì dákẹ́, nítorí ìbéèrè ọ̀hún ti há mi láyà. Mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Kí ló dé tí obìnrin yẹn fi rò pé nǹkan kan ní láti bàjẹ́ nílùú kí àwa tó lè máa fẹsẹ̀ rìn?

Gbogbo wa la ti lé lógójì ọdún. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ, iṣẹ́ àti owó ilé ti fọ́n wa ká sí Ajah, Súrùlérè àti Ìkòtún. Lálẹ́ Jímọ̀ tí a bá fẹ́ rìn, a ó wá sùn sílé ẹbí ẹnì kan nínú wa, lórí ẹní, bí ọmọdé tó wá ṣọdún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti wà níwájú Ìga Ìdúngànràn. Ibẹ̀ la ti máa ń gbéra: Ẹnu Ọ̀wá, Ìdúmàgbò, Pópó Àgùdà, Igbóṣẹ́rẹ́, Oníkàn, Ọbaléndé, ká tó wọ Ìkòyí, ká sì gun bíríìjì tó lọ sí Lẹ́kí. Tí ara bá yá wa, a ó tún fẹsẹ̀ padà.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ẹnì kan ló ń gbé róòbù, ẹnì kan ń gbé omi, ẹnì kan ń gbé sílípáàsì fún ẹni tí bàtà bá bu ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù la máa ń fi síwájú. Tó bá wà lẹ́yìn, a ó gbàgbé rẹ̀ sọ́nà. Tó bá wà níwájú, òun ló ń darí wa, kò sì sẹ́ni tó lè kùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara ko ilé, tí gọ́tà, ọ̀kadà àti àtẹ ọjà ń bá wa du ilẹ̀, ńṣe là ń tò tẹ̀ lé ara wa, kálukú a sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Tí a bá dé Oníkàn tí ọ̀nà fẹ̀, ìlà wa a tú, ẹnì kọ̀ọ̀kan a mú ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń jáde: ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ tó pè láti Kánádà pé òun kò wálé mọ́, kókó tí wọ́n rí nínú ọmú. Láàárín Oníkàn sí Ọbaléndé, mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu àwọn obìnrin wọ̀nyí ní gbogbo ọdún tí a ti jọ ń wọ aṣọ ẹbí kan náà.

Ẹ wá wò ó o: tí a bá dé orí bíríìjì Lẹ́kí, kò sẹ́ni tó ń bi wá ní nǹkan kan. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i, ó sì fi díẹ̀ lé ní kìlómítà kan. Láàárọ̀ Sátidé, èrò a máa pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn kan ń rìn, àwọn kan ń sáré: ẹni tó ki nǹkan bọ etí, ẹni tó wọ bàtà tí owó rẹ̀ ju owó oṣù tíṣà lọ, ẹni tó wa ọkọ̀ wá, tó wá ibi gbé e sí kó tó lè fẹsẹ̀ rìn. Níbẹ̀, ẹni tó ń rìn lásán, ara dẹ̀ ẹ́ ni. Ní Ìdúmàgbò, ẹni tó ń rìn jìnnà, owó ọkọ̀ rẹ̀ ni kò pé. Mo kọ́kọ́ rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn: olówó ń rìn nítorí ara rẹ̀, tálákà ń rìn nítorí pé ó fẹ́ débi kan. Èrò yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ lóde ìkómọ kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún lóde ìkómọ, ó yẹ kéèyàn tún un wò.

Mo tún un wò. Mo rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin Nàìjíríà kéèyàn máa rìn kiri kó má lè sọ ohun tó ń wá. Wándarìn ni ará Èkó ń pè é. Ọlọ́pàá á dá ọ dúró lálẹ́, á bi ọ́ pé níbo lò ń lọ. Tí ìdáhùn rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di inú mọ́tò. Ọdún 1989 ni ìjọba ológun fagi lé ẹ̀sùn náà, àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ ní Èkó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fi kó èèyàn lẹ́yìn ìgbà náà. Ti sanitéṣàn tún wà ńbẹ̀. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀, kálukú gbọ́dọ̀ wà nílé, kó máa gbálẹ̀, kó máa kó gọ́tà. Ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò bófin mu kí wọ́n torí ìyẹn sé èèyàn mọ́lé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá a dúró. Kódà Ẹ̀yọ̀, tí í gba ìgboro Èkó kan láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ sálúbàtà níwájú rẹ̀, ìdí ló ní tó fi ń rìn: ẹni ńlá tó lọ ló ń ṣe ẹ̀yẹ fún. Ìlú yìí ti pẹ́ tó ti ń bi èèyàn ní ìdí, débi pé àwa náà ti ń bá a bi ara wa.

Níbi tí mo ti ń wá bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń rìn ni mo ti bá ọ̀rọ̀ Appalachian Trail pàdé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, nínú igbó àti lórí òkè, láti Georgia títí dé Maine ní Amẹ́ríkà. Ó gùn ju kìlómítà 3,500 lọ, ó sì ń gba oṣù márùn-ún, mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán. Ní ọdún 1955, Emma Gatewood, ìyá ọlọ́mọ 11, ẹni ọdún 67, dá nìkan rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká. Ohun tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kúrò nílé ni pé òun fẹ́ lọ rìn. Kò sọ ibi tó ń lọ, kò sọ bó ṣe jìnnà tó. Ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀ a máa lù ú ní àlùbami nígbà tí wọ́n jọ wà, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jọ gbé. Obìnrin tó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde yóò ti mọ iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kóun fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó gbà mí lọ́kàn. Àwọn tó ń rìn ín kì í sábà lo orúkọ tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ló máa ń sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, bóyá nítorí ohun tó ń jẹ, bóyá nítorí ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe kà á báyìí ni mo rántí Aláago, ni gbogbo àròjinlẹ̀ mi bá yà bàrá.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni Aláago. Ní ọjọ́ 4 oṣù July ọdún 1994, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé àti Abíọ́lá tí ìjọba Abacha tì mọ́lé. PENGASSAN náà tẹ̀ lé e. Ilé epo tì pa, mólùé gúnlẹ̀. Ìyá mi ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, ọ̀gá wọn sì ní ẹni tí kò bá wá kò ní gbowó. Báyìí ni àwọn obìnrin kan tí wọn ò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ ju kí wọ́n kí ara wọn lórí ìlà danfó bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́sẹ̀ bíríìjì Carter. Afárá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1901 láti fi so Èkó mọ́ Ìddó. Wọ́n á gùn ún nínú òkùnkùn, èéfín Òkò Bàbá á máa rú lókèèrè lórí ọ̀sà, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn ní Oyíǹgbò. Wọ́n á jẹ ẹ̀kọ gbígbóná lóòró, wọ́n á gba Herbert Macaulay lọ tààrà. Inú ọ̀rá ni bàtà ọ́fíìsì máa ń wà, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀.

Aláago ni ẹnì kan ṣoṣo tí aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe é gbára lé. Ìyá Ìbòji mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí oòrùn kì í dé lọ́sàn-án. Ìyá mi ni wọ́n sọ ní Ẹlẹ́pà, nítorí ẹ̀pà sísun tí kì í tán nínú báàgì rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi a gbé omi gbígbóná oníyọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa retí. Ẹ̀rín wọn la máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á ti tẹ̀ dòò, ẹsẹ̀ á ti wú, wọ́n á ṣì tún dúró síwájú ilé fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó lè tú ká.

Bí oṣù méjì ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gbà. Epo padà, mólùé padà. Ìyá mi kò padà sínú mólùé. Bàbá mi bi í pé kí ló dé, ó ní owó ọkọ̀ ti gbówó lórí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lówó ọkọ̀. Ó ń gbà á, ó ń dúpẹ́, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn. Mo mọ̀ nítorí pé mo rí owó náà nínú agolo Milo lẹ́yìn ìkòkò, ó ń ga sí i lójoojúmọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kì í sọ ni.

Yàrá kan ni wá nígbà náà: bàbá mi, ìyá bàbá mi, àwa ọmọ. Àwa àti ayálégbé mẹ́fà la sì jọ ń dáná nínú kíṣìnnì kan. Láti ìgbà tí ìyá mi bá ti la ojú, ẹnì kan ń pè é. Láàárín Ìdúmọ̀tà sí Yábàá, kò sí fóònù, kò sẹ́ni tó lè pè é. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó ń ṣe fàájì, nítorí pé gbogbo ìlú ló mọ̀ pé epo wọ́n.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà wá yé mi dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ kó yé mi bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó èyí tó ti lè gun bíríìjì Carter lọ́dún 1994. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé báàgì, tí wọ́n ń tò lọ nínú òkùnkùn, ó sì fi àwáwí lọ̀ wá, èyí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa kọ ọ́, a mú tiwa jáde: eré ìdárayá. Nílé, ohun tí oníkálukú wa ń sọ ni pé dókítà ló ní kóun máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan péré ni dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò tíì sí ẹni tó wojú ọkọ rẹ̀ tàbí ojú ọmọ rẹ̀, tó sọ pé ìrìn náà ń dùn mọ́ òun ni. Ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi kò wá fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́, nítorí lórí bíríìjì Lẹ́kí náà, aago tó ń ka ìṣísẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn, àwáwí ni. Ní Pópó Àgùdà, àwọn ọkùnrin a máa jókòó ti ọpọ́n ayò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé ṣé epo ló wọ́n.

Èyí tó dàgbà jù nínú wa ti ní kí a fẹsẹ̀ rìn dé Àgbádárìgì nígbà ọyẹ́, kí a fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ín, kí a máa sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹbí lójú ọ̀nà. Gbogbo wa la gbà. Ohun tí a ó sọ nílé ló kù. Ẹnì kan ní ká sọ pé ìpàgọ́ àwọn ìyá ìjọ ni, àmọ́ mùsùlùmí pọ̀ nínú wa. Èmi ní ká sọ òótọ́. Wọ́n ní kí n lọ kọ́kọ́ sọ tèmi nílé, káwọn wò ó. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sórí òkú: ìyá àgbà kan kú ní Àgbádárìgì, a sì gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kò sí ọkọ tó ń ní kí ìyàwó òun má lọ sí òkú. Wàhálà tó ṣẹ́ kù ni pé ọkọ ẹnì kan ti gbọ́, inú rẹ̀ dùn sí i, ó ní kí wọ́n fi tòun kún aṣọ ẹbí, a sì ti wà lẹ́nu àríyànjiyàn àwọ̀ ańkárá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.